Orílẹ̀ Ẹni Tí Ilẹ̀ Baba Rẹ̀ Ti Bọ́

Bí ilẹ̀ tí baba ńlá ẹnì kan ti ṣí wá bá bọ́ mọ́ ìran rẹ̀ lọ́wọ́, níbo ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò máa pè ní ilé? Àwọn Sindhi, ìyẹn àwọn oníṣòwò Híńdù láti agbègbè Sindh, tí wọ́n ti ń tajà ní Èkó láti àwọn ọdún 1920, bá ìbéèrè yìí pàdé ní 1947, nígbà tí wọ́n pín Íńdíà sí méjì tí Sindh sì bọ́ sí Pakistan.

Ìbàdàn àtijọ́ ní èsì tó jinlẹ̀ sí ìbéèrè náà. Àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá tí wọ́n tẹ̀dó ní nǹkan bí 1829, àti àwọn tí ogun lé dé lẹ́yìn wọn, kọ́ agboolé yí Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti òkè Màpó ká; Ọ̀yọ́-Ilé di igbó, síbẹ̀ oríkì orílẹ̀, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ ìyìn tó ń sọ orísun ìran, kò kú lẹ́nu àwọn ìyá àgbà, ọmọ tí wọ́n sì ń fi kì jẹ́ ọmọ Ìbàdàn láìsí àríyànjiyàn. Ìran ẹrú tí wọ́n kó lójú ogun pàápàá di ará ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyà tó jẹ wọ́n kò gbọdọ̀ di ohun ìgbàgbé.

Òfin Nàìjíríà ti 1999 há ju agboolé lọ, nítorí abala 25 rẹ̀ béèrè pé kí òbí tàbí òbí àgbà ẹni tí a bí síbí ṣáájú òmìnira jẹ́ ti àwùjọ onílẹ̀ kí onítọ̀hún tó lè jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí. Ṣùgbọ́n abala 27, tó ń la ọ̀nà fún àjèjì tó ti gbé níbí fún ọdún 15 láti di ọmọ Nàìjíríà, súnmọ́ ti agboolé díẹ̀, nítorí ó fẹ́ kí gómìnà gbà pé àwùjọ tí onítọ̀hún yóò máa bá gbé tẹ́wọ́ gbà á.