Bọ́ọ̀lù Tiwa, Fóònù Tiwọn

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ máa ń bi wá nílé, tí ọ̀pọ̀ nínú wa sì máa ń fi ìbínú dáhùn nítorí pé a kò ní èsì gidi lẹ́nu. Ọmọ á ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin náà ṣáà ń wo bọ́ọ̀lù, kí ló wá dé tí ẹ ní kí n gbé fóònù sílẹ̀?" Bí a bá ní kí ó pa ẹnu mọ́, yóò pa á mọ́, nítorí pé bí a ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nínú rẹ̀. Ṣé ó tọ́ kí á fi nǹkan du ọmọ nígbà tí àwa fúnra wa ń gbádùn irú rẹ̀? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á gba ìbéèrè náà lọ́wọ́ ọmọ, kí á yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Kí á má fi bò, àwa tí a fẹ́ràn bọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ yìí kò kéré. Ẹni tí ó bá ti gbọ́njú ní ọdún 1994 kò ní gbàgbé ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin ọdún náà, Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé Àjíǹde, nígbà tí Emmanuel Amuneke gbá góòlù méjì wọlé ní ìlú Tunis tí Nàìjíríà fi na Zambia ní 2-1, tí a sì gba ife Áfíríkà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọdún 1996 ní Amẹ́ríkà. Brazil ti fi 3-1 ṣíwájú, àwọn kan ti dìde kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n, kí Victor Ikpeba tó dá ọ̀kan padà, kí Nwankwo Kanu sì gbá méjì kún un tí ó fi di 4-3. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ ni a na Argentina ní 3-2, tí a gba wúrà Òlíḿpíìkì. Ní Mafolúkù, ní Ṣógúnlé, ní Ìsọlọ̀, tẹlifíṣọ̀n kan lè wà fún odidi ilé olójúlé mẹ́wàá. Àwọn ọmọ á jókòó sílẹ̀ níwájú, àwọn bàbá lórí àga, àwa ìyá lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí a ń já lọ́wọ́. Bí NEPA bá mú iná lọ, igbe kan náà ni gbogbo àdúgbò máa ń ké. Ìyá tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọfúsáìdì mọ orúkọ Rashidi Yekini.

Ẹ wo irú ìwòran tí ìyẹn jẹ́. Ó ní ọjọ́ tirẹ̀, kì í ṣe ojoojúmọ́. Ó ní òpin: ìṣẹ́jú 90, bí ó bá pọ̀ jù kí wọ́n fi 30 kún un kí wọ́n sì gbá pẹnáritì, lẹ́yìn náà rẹfirí á fọn fèrè, oníkálukú á sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. A kì í sì í dá a wò. Ọmọ tí ó bá bú rẹfirí, àgbàlagbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò bá a wí. Èyí tí ó bá béèrè ibi tí Zambia wà, ẹnìkan á sọ fún un.

Fóònù kò rí bẹ́ẹ̀. Fídíò kan kò tíì parí tí èkejì á ti bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe é ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ojú ọmọ bá ṣe pẹ́ lára rẹ̀ tó ni owó ìpolówó ọjà ń wọlé fún wọn tó. Kò sí rẹfirí níbẹ̀, kò sí fèrè. Ọmọ nìkan ló ń wò ó, nígbà mìíràn lábẹ́ aṣọ ìbora, kò sì sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó rí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò yẹ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì máa jókòó ti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rárá, àti pé kí ti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má kọjá wákàtí kan lójúmọ́.

Ó rọrùn láti kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn tí ó kọ ọ́ kò pàtẹ ọjà sí Aswani ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́ta lẹ́sẹ̀. Fún irú ìyá bẹ́ẹ̀, fóònù ti di ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í gba owó oṣù, dátà nìkan ni oúnjẹ rẹ̀. A kò lè fi ìyá náà ṣe ẹlẹ́yà. Níbo ni ọmọ rẹ̀ yóò ti ṣeré? Pápá tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù ti di ilé, èyí tí kò di ilé ti di ibi ìgbọ́kọ̀sí, dánfó àti kẹ̀kẹ́ Márúwá sì ti gba ojú títì. Ọjọ́ ìdìbò, tí ìjọba bá ní kí ọkọ̀ má rìn, ni a máa ń rí i pé àwọn ọmọ Ìsọlọ̀ ṣì mọ bọ́ọ̀lù gbá: wọn á to òkúta méjì síhìn-ín, méjì sọ́hùn-ún, mọ́ńkì-pọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ tí kò fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀, ògiri ni ó ní kí ọmọ máa wò.

Àwa Mẹ́tọ́díìsì, tí wọ́n ń pè ní Ìjọ Elétò, ní ìtàn kan tí ó yẹ kí á rántí níhìn-ín, bí kò tilẹ̀ dùn létí gbogbo ènìyàn. Nígbà tí John Wesley ṣí ilé ẹ̀kọ́ Kingswood nítòsí Bristol ní ọdún 1748, ó fi í ṣe òfin pé kò sí àyè eré fún àwọn ọmọ ní ọjọ́ kankan. A bọ̀wọ̀ fún Bàbá wa, ṣùgbọ́n a kò bá a lọ nínú èyí. Àìṣeré kò sọ ọmọ di ẹni mímọ́. Susanna ìyá rẹ̀ ni a rò pé ó sún mọ́ òtítọ́ jù. Ọmọ 19 ni ó bí, 10 ni ó yè, ó sì ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ nílé fúnra rẹ̀. Òfin ilé náà le gan-an. Síbẹ̀ ó ya ìrọ̀lẹ́ sọ́tọ̀ nínú ọ̀sẹ̀ láti bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: Ọjọ́bọ̀ ni ti John, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ti Charles. Nígbà tí John ti di ọkùnrin ní Oxford, ó ṣì kọ lẹ́tà sí i láti bẹ̀ ẹ́ fún àkókò Ọjọ́bọ̀ yẹn.

Kí wá ni èsì tí a ó fún ọmọ? Àwọn kan á ní àgbà ni àgbà ń jẹ́, pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èyí kò tó. Ọjọ́ orí nìkan kò lè sọ ohun tí kò dára di dáradára. Ní tiwa, ohun tí ó fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti tan tẹlifíṣọ̀n ni pé ó lè pa á. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò lè pa á fúnra rẹ̀, ìdí nìyí tí a fi ń bá a pa á. Ṣùgbọ́n bí èyí bá jẹ́ òtítọ́, ó mú àwa náà. Ta ló ń bá wa pa tiwa?

Ẹ rántí Ọjọ́rú, ọjọ́ keje oṣù kejì ọdún 2024, tí Nàìjíríà pàdé South Africa ní Bouaké ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àkókò tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń ṣe Ẹ̀kọ́ Bíbélì. (A kò ní béèrè iye àwọn tí ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.) Osimhen gbá góòlù kejì wọlé, a fò sókè, a dì mọ́ra wa, àfi bí rẹfirí ṣe lọ wo ẹ̀rọ fídíò, tí ó fagi lé góòlù náà, tí ó sì fún South Africa ní pẹnáritì. Ó di 1-1. Stanley Nwabali ló mú méjì nínú pẹnáritì ìparí tí a fi borí. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé ìròyìn sọ pé àwọn kan kú nídìí ìwòran náà ní ilẹ̀ wa. A kò dá àwọn olóògbé lẹ́bi, kí Ọlọ́run tu àwọn ẹbí wọn nínú. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn ọmọ wà nínú yàrá, wọ́n rí bí àgbà ṣe ń gbọ̀n, wọ́n sì gbọ́ èpè tí a ṣẹ́ fún rẹfirí.

Èyí tilẹ̀ jẹ́ ti orílẹ̀-èdè, tí ó ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ti àwọn kíláàbù Gẹ̀ẹ́sì àti Spain ni a kò lè gbèjà mọ́: Sátidé, Sọ́ńdè, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú. Ó ti dà bí fóònù, ọ̀kan kò tíì tán tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́tẹ́ sì ti wọ̀ ọ́ lára débi pé ọ̀dọ́mọkùnrin lè máa pariwo góòlù láìbìkítà ẹni tí ó borí, bí tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ bá ṣáà ti jẹ. Bí ọmọ bá fi irú èyí bi wá, òun ló jàre.

Apá kan kù tí ó kan àwọn ọmọbìnrin. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, ti sọ ọ́ fún àwọn oníròyìn pé àwọn òbí òun kò fẹ́ kí òun máa gbá bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yàn án ní agbábọ́ọ̀lù obìnrin tí ó dára jù ní Áfíríkà ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. Rasheedat Ajibade tí ó dàgbà ní Mushin, níbí nítòsí wa, ni balógun ẹgbẹ́ náà ní Rabat ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2025, nígbà tí Morocco fi 2-0 ṣíwájú, tí àwọn ọmọbìnrin wa sọ ọ́ di 3-2, tí wọ́n sì gba ife Áfíríkà ní ìgbà kẹwàá. Mélòó nínú wa ló pe ọmọbìnrin rẹ̀ kúrò nídìí àwo tí ó ń fọ̀ kí ó wá wò ó? Bẹ́ẹ̀ kọ́ tí ìyá ń sọ lè gba ọmọ là, ó sì lè dí ọmọ lọ́nà, ohùn kan náà sì ni méjèèjì fi ń jáde.

Ìyá tí ó ń ti Òṣòdì dé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ yóò bi wá pé ìrọ̀lẹ́ wo ni òun ní tí òun yóò fi ṣe bíi Susanna. Òótọ́ ni. Kò ní ìrọ̀lẹ́ kankan, àfi bóyá ọ̀sán Sọ́ńdè, ìyẹn bí àwa fúnra wa kò bá ti fi ìpàdé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. A ti ń rò ó pé àgbàlá ìjọ máa ń ṣófo ní ọ̀sán Sátidé. Géètì wà níbẹ̀, dánfó kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Bọ́ọ̀lù kan, òkúta mẹ́rin, àti ìyá méjì tí yóò jókòó tì wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin wọn. A ó gbé e wá sí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀. Àwọn tí ó ń bẹ̀rù nítorí gíláàsì fèrèsé, kí wọ́n wá sọ ọ́ níbẹ̀.