Ǹjẹ́ Ohun Àlòkù Yẹ Àlejò?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ ní ìgbà yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé ni.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ilé ìdáná àtijọ́ tàbí yàrá ìkẹ́rùsí kan lẹ́yìn ilé, tí a kò lò mọ́ láti ìgbà tí a ti gbé sítóòfù gáàsì wọ inú ilé. Adìẹ ló ń yé sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àlejò kò dẹ́kun wíwá: ìbátan tó wá gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ìlú ńlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n tó wá ṣe ìdánwò, ìyá àgbà tó wá fún ìsìnkú. Àwọn kan nínú wa wá ń sọ pé kí a tún ilé kékeré náà ṣe fún àlejò, kí a sì lo pákó, ilẹ̀kùn àti fèrèsé tí a tú kúrò lára ilé àtijọ́, nítorí owó pákó tuntun ti kọjá agbára. Àwọn mìíràn kọ̀. Wọ́n ní àbùkù ni kí a fi àlejò sí ibi tí èéfín ti ń rú tẹ́lẹ̀, láàárín pákó tí ẹlòmíràn ti jù nù. Ta ló jàre?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ àwọn tó kọ̀. Nínú ilé Yorùbá, ẹní tó dára jù ni a ń tẹ́ fún àlejò. Ẹran tó tóbi jù ni a ń bù fún un. Dáfídì Ọba pàápàá kọ̀ láti gba ilẹ̀ ìpakà Áráúnà lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí kò fẹ́ fi ohun tí kò ná an ní nǹkan kan rúbọ sí Ọlọ́run. Bí pákó wa bá jẹ́ ọ̀fẹ́, ọ̀wọ̀ wo ni a fi fún àlejò?

Èsì wa ni pé owó nìkan kọ́ ni ènìyàn ń ná. Pákó ìrókò àtijọ́, ẹ ó yọ ìṣó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó fọ̀ ọ́, ẹ ó sá a, gbẹ́nàgbẹ́nà yóò sì fi ìfági fá a kí ara rẹ̀ tó jọ̀lọ̀. Iṣẹ́ tí pákó tuntun lè parí ní ọjọ́ díẹ̀, àlòkù lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Òógùn ojú ni owó rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, gbígbó kọ́ ni bíbàjẹ́. Ikán kì í tètè jẹ ìrókò. Èyí tó ti lo 40 ọdún lórí ilé tó sì ṣì le koko sàn ju arère tuntun tí ikán yóò fi ṣe oúnjẹ lọ. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹ ò rí i pé àkísà náà, ọrọ̀ ni.

Àwa Mẹ́tọ́díìsì kọ́ ló sì yẹ kí a máa kẹ́gàn ilé àtúnṣe. Ilé tí John Wesley gbà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1739 láti fi ṣe ilé ìsìn, ilé iṣẹ́ àtijọ́ tí wọ́n ti ń rọ àgbá ogun ni. Ìbúgbàù ti fọ́ ọ ní 1716, ó sì ti di ahoro. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì yọ ibùgbé sínú rẹ̀. Níbẹ̀ ni Susanna, ìyá rẹ̀, kú sí ní 1742.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ àwọn tó kọ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀: kì í ṣe gbogbo àlòkù ló yẹ ènìyàn. Asbestos àtijọ́ tí a fi bo ilé tàbí tí a fi ṣe àjà, ẹ má ṣe gé e, ẹ má ṣe lu ú, ẹ má sì tún un lò. Eruku rẹ̀ a máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn jẹjẹrẹ tó ń fà sì lè má fara hàn títí 20 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pákó tí a kàn tó dún bí òfìfo, ikán ti jẹ inú rẹ̀. Ògiri amọ̀ tí a fi símẹ́ńtì rẹ́ a máa há ọ̀rinrin mọ́ra, símẹ́ńtì náà a sì máa ṣí. Amọ̀ tí a pò mọ́ koríko gbígbẹ ló bá a mu. Èyí tó burú jù ni pé ẹ̀yìnkùlé kan náà ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó lè pa ẹni tó sùn láìjẹ́ pé ó ta jí. Bí a kò bá gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí yàrá náà, a kò tíì ní yàrá àlejò.

Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí onílé bi ara rẹ̀ nìyí: ǹjẹ́ èmi alára lè sùn níbẹ̀? Nígbà tó yá, Wesley àti àwọn ènìyàn rẹ̀ háyà ilé kékeré méjì fún àwọn opó aláìní nítòsí ilé ìsìn náà. Ó jẹ́rìí ní 1748 pé òun àti àwọn oníwàásù ẹgbẹ́ òun a máa bá wọn jókòó jẹ ohun tí wọ́n ń jẹ. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí àánú di ẹ̀gàn.

Ẹ jẹ́ kí a wádìí ọkàn wa. Bí ènìyàn ńlá bá ti ìlú òyìnbó dé, tí a mú un wọ yàrá inú ilé, tí opó àbúrò bàbá wa sì ti oko dé, tí a nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé fún un, bí pákó wa tilẹ̀ jẹ́ ìrókò, àbùkù ni a ṣe. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni yóò máa sùn níbẹ̀ nígbà tí àlejò kò sí, ọmọ ènìyàn ni òun náà. Obìnrin ará Ṣúnémù kò kọ́ ààfin fún Èlíṣà. Yàrá kékeré ni, ó sì kó ibùsùn, tábìlì, àga àti fìtílà sínú rẹ̀. Ó ro ohun tí ẹni tó rìn wá láti ọ̀nà jíjìn ń fẹ́.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí àlejò àkọ́kọ́ tó dé, kí ìyá ilé fúnra rẹ̀ sun yàrá náà ní òru tí òjò ń rọ̀. Bí òrùlé bá ń jò, yóò mọ̀. Bí ẹ̀fọn bá pọ̀, yóò mọ̀. Bí ilé ìwẹ̀ bá jìnnà jù fún ẹsẹ̀ arúgbó lóru, yóò mọ̀. Kí ó tún ohun tó rí ṣe. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ìdùnnú gbé kọ́kọ́rọ́ lé àlejò lọ́wọ́, kí ojú má sì tì í.

Kí Olúwa fún wa ní ilé tó gba ènìyàn, àti ọkàn tó gbà wọ́n. Àmín.