Ilẹ̀kùn Kọ́ Ló Ṣẹ̀

Ọkọ̀ MGB aláìlórùlé kan wà ní Adó-Èkìtì tí olówó rẹ̀ jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Abingdon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti to MGB láti 1962 títí di 1980; tí a bá ka èyí tó lórùlé mọ́ ọn, wọ́n ṣe é ju ìdajì mílíọ̀nù lọ. Bàbá ti kó tirẹ̀ wálé ṣáájú oṣù kẹrin 1972, tí Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Ìdí nìyẹn tí ìdarí rẹ̀ fi wà lọ́wọ́ ọ̀tún, tí ẹni tí wọ́n bá gbé sì máa ń gba ilẹ̀kùn òsì wọlé.

Ilẹ̀kùn òsì yìí ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọkọ̀ ti pẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò kí ọmọ tó ní òun máa tún un ṣe fún ìgbéyàwó àbúrò òun. Tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn, lókè lẹ́yìn, káàdì kò lè kọjá láàárín òun àti ara ọkọ̀. Nísàlẹ̀, àtàǹpàkò á wọlé.

Páńẹ́ẹ̀lì-bítà wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ò le. Ilẹ̀kùn ló wú, ẹ jẹ́ n fá a." Ó tú ínjìsì, ó yọ irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ilẹ̀kùn lè sún síwájú. Kò tó. Ó fi gíráńdà fá etí ilẹ̀kùn, ó fi bọ́dì fílà dí ìsàlẹ̀, pẹ́ńtà wá fọ́n ọ̀dà sí i. Ó dán gbinrin. Kò sẹ́ni tó rí i tí kò yìn ín, èmi náà yìn ín.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n gbọ̀nà Ìyìn. Ọkọ̀ ko kòtò bíi mélòó kan, ilẹ̀kùn òsì sì há pátápátá. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó ló gbé ìyàwó fò jáde tòun ti aṣọ funfun, lójú àwọn àna.

Wẹ́dà àgbàlagbà kan láti Ìlawẹ̀ ni wọ́n wá ké sí. Kò tilẹ̀ wo ilẹ̀kùn. "Ọmọ mi, gbé jáàkì wá." Ó gbé e sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó ń ká a sókè díẹ̀díẹ̀, àlàfo òkè sì ń là. Ó sọ jáàkì kalẹ̀, àlàfo tún pa dé. "Ṣé o rí i? Ọkọ̀ rẹ ló ń tẹ̀." Ó ki sukudíráfà bọ irin abẹ́ ilẹ̀kùn, ó wọlé bí ẹni gún àkàrà. Ewé máńgòrò tó ti jẹrà àti erùpẹ̀ pupa ló ń dà jáde.

Ọkọ̀ tí kò lórùlé, irin gígùn méjì abẹ́ ilẹ̀kùn ló so iwájú mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Inú irin náà ṣófo, ó sì ní ihò tómi ń gbà jáde. Ewé ti dí èyí tó pọ̀ níbẹ̀, bọ́dì fílà wá dí ìyókù, irin ń dógùn-ún láti inú. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n làpálàpá ló hàn síta. Àìsàn yìí bá MGB jà ní Ìlú Ọba náà, débi pé lọ́dún 1988 British Motor Heritage bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe odindi ara tuntun fún un.

Bàbá wẹ́dà kò gé nǹkan kan kíákíá. Ó kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ lé orí irin títí ó fi gún, ó wẹ́ẹ̀dì ọ̀pá irin dábùú ẹnu ọ̀nà, láti òpó iwájú dé tẹ̀yìn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ gan-an nìyí: ẹni tó bá gé irin ìsàlẹ̀ láìdì í mú, ọkọ̀ á ká mọ́ ọn lọ́wọ́, irin tuntun tó bá wẹ́ẹ̀dì á sì mú wíwọ́ náà dúró títí ayé. Ẹ̀gbẹ́ kan ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Kó tó wẹ́ẹ̀dì, á gbé ilẹ̀kùn kọ́ wò, á fi iná tọ́ ọ lójú kan, lójú kejì, á tún tì í wò. Apá ẹ̀yìn tí wọ́n wẹ́ẹ̀dì mọ́ ara ọkọ̀ ló fi ń wọn ilẹ̀kùn; ti iwájú, bóòtù ló dè é, òun ló máa ń sún tọ ilẹ̀kùn.

Nígbà tí ọkọ̀ gún tán, ilẹ̀kùn òsì tí wọ́n ti fá wá kéré. Àlàfo ẹ̀yìn rẹ̀ là gbàgà, etí tí wọ́n ká mọ́ra ti já níbi tí gíráńdà gbà. Wọ́n wá òmíràn dé ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó, wọn ò rí. Bàbá wẹ́dà wá ń fi iná kó irin tín-ín-rín sí etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń fá a, ó ń tún un kó. Iṣẹ́ yẹn gbà á lákòókò ju irin ìsàlẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn ọ̀tún, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, bọ́ sáyè rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e kọ́.