Dìpọ́síìtì Ilé ní Ìyànà Ọ̀fà

Ìyànà Ọ̀fà kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń rí ilé gbà wẹ́rẹ́ mọ́. Ibẹ̀ ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, àwọn tí owó ilé ti lé kúrò ní ìgboro Ìbàdàn sì ń rọ́ lọ síbẹ̀: olùkọ́, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ káńsù, ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ àti owó ilé ni wọ́n jọ ń gòkè. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò lè máa ti ìgboro wọkọ̀ wá mọ́, ẹni tó ń gbé ìgboro kò sì rí owó ilé ìgboro san mọ́. Ọ̀rọ̀ wá di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ na owó sí ajẹ́ńtì.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe kan àbúrò mi nìyẹn, ọmọ àbúrò bàbá mi. Olùkọ́ ni. Ilé ẹ̀kọ́ kan ládùúgbò náà ni wọ́n gbé e lọ, ó sì ti sú u láti máa ti Ìwó Road lọ kó sì tún máa bọ̀ lójoojúmọ́. Ó rí yàrá kan àti pálọ̀ tó wù ú, kànga wà nínú ọgbà, ilé ìwẹ̀ wà nínú ilé. Ajẹ́ńtì pè é ní 180,000 náírà lọ́dún. Owó rẹ̀ kò tíì pé, nítorí ẹ̀yáwó tó fẹ́ gbà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò ní jáde títí ìparí oṣù.

“Àǹtí, àwọn èèyàn ti wá wò ó lánàá o,” ni ajẹ́ńtì wí. “Ẹ fi 50,000 dì í mú. Tí owó yín bá pé, a ó yọ ọ́ nínú rẹ̀. Tí kò bá bọ́ sí i, ẹ ó gba owó yín.”

Orí fóònù ló ti san owó náà sínú àkáǹtì ajẹ́ńtì. Ní àyè tí wọ́n ti ń kọ ohun tí owó wà fún, ó kọ ọ́ pé owó tí òun fi di ilé Ìyànà Ọ̀fà mú ni. Kò fi ọgbọ́n kankan ṣe é. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn kó má baà gbàgbé. Ajẹ́ńtì sì fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp pé òun ti rí 50,000, pé kó fọkàn balẹ̀, ilé ti di tirẹ̀.

Kí oṣù tó parí, ohùn yí padà. Ajẹ́ńtì ní bàbá onílé ti fi owó kún un, ó ti di 250,000. Àbúrò mi ní apá òun kò ká a, kí wọ́n dá owó òun padà. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ajẹ́ńtì ní dìpọ́síìtì kì í padà. Owó epo ọ̀kadà òun ńkọ́? Àwọn tí òun lé lọ nítorí rẹ̀ ńkọ́?

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ìbéèrè ìkẹyìn yẹn, nítorí òun ló máa ń pa ayálégbé lẹ́nu mọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí wọ́n má fi ilé han ẹlòmíràn, tó wá di ọjọ́ kejì tó ní òun kò ṣe mọ́, ó ti mú àdánù bá onílé, kò sì burú tí wọ́n bá yọ nǹkan nínú owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló yẹ àdéhùn ní ti àbúrò mi? Òun ṣì ń retí ilé ní 180,000 tí wọ́n pè é fún un. Ọ̀dọ̀ onílé ni ohùn ti yí padà. Ẹni tó yẹ àdéhùn kò lè gbé owó ẹni tó dúró tì í mì.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń gba ilé lọ́wọ́ ajẹ́ńtì ní Peckham àti Thamesmead, òfin ti la ọ̀rọ̀ yìí. Tenant Fees Act, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2019, ní irú owó bẹ́ẹ̀ kò gbọ̀dọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ilé tó bá jẹ́ 12,000 pọ́n-ùn lọ́dún, bíi 230 pọ́n-ùn lòpin rẹ̀. Ọjọ́ 15 ni wọ́n ní láti fi parí àdéhùn, àfi tí wọ́n bá jọ kọ ọjọ́ mìíràn sílẹ̀. Tí ó bá jẹ́ onílé ló yẹ̀ ẹ́, owó gbọ́dọ̀ padà láàárín ọjọ́ 7. Ohun tó lè mú kí ayálégbé pàdánù rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ: kó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló ní òun kò gba ilé mọ́, kó parọ́ nípa ara rẹ̀, kó má ní ìwé ìgbélùú tó fún un láṣẹ láti yá ilé, tàbí kó máa fi ohun tó yẹ kó ṣe falẹ̀ títí ọjọ́ fi kọjá. Ajẹ́ńtì tó bá sì fẹ́ dá owó dúró gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kó fún un. Òfin Gẹ̀ẹ́sì kò dé Lágelú, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n ń bèèrè níbẹ̀ ni èmi náà ń bèèrè: ta ló yẹ̀ ẹ́?

Àbúrò mi pe ajẹ́ńtì títí, ó bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó yá, kò gbé fóònù mọ́. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ kan ní ká kó ọlọ́pàá lọ bá a, ká ti ọmọ náà mọ́lé, owó á jáde. Èmi kò fara mọ́ ọn. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò fàyè gba kí wọ́n mú èèyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó bàjẹ́, ẹni tó bá sì kó ọlọ́pàá lọ gba gbèsè sábà máa ń pín owó náà pẹ̀lú wọn kó tó délé. Ọ̀tọ̀ ni tí ajẹ́ńtì bá parọ́ láti gba owó: kó fi ilé tí kò sí níkàáwọ́ rẹ̀ gbowó, tàbí kó fi yàrá kan ṣoṣo gba owó èèyàn mẹ́ta. Ọ̀ràn ni ìyẹn. Òfin ọdún 2006 lórí fífi irọ́ gbowó ní ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ó kéré tán, ó lè tó 20, kò sì sí àyè owó ìtanràn. Ṣùgbọ́n a kò tíì mọ èwo ni tiwa. Ohun tí a kọ́kọ́ ní láti mọ̀ ni ẹni tó rán ajẹ́ńtì níṣẹ́.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn nìyí. Nínú òfin tí ilé ẹjọ́ wa ń lò, ohun tí aṣojú bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ẹni tó rán an ló ṣe é. Tí onílé bá fún ajẹ́ńtì ní kọ́kọ́rọ́, tó ní kó bá òun wá ayálégbé, tó sì jẹ́ kó máa gbowó lórúkọ òun, owó tó bọ́ sọ́wọ́ ajẹ́ńtì ti bọ́ sọ́wọ́ onílé, ì báà jẹ́ pé onílé kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ayálégbé kò mọ èyí. Ajẹ́ńtì nìkan ni wọ́n máa ń lé káàkiri, bẹ́ẹ̀ ajẹ́ńtì kò ní ilé, kò ní ọ́fíìsì, nọ́ńbà fóònù nìkan ló ní.

Ìjọba tún dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ lọ́dún 1975 tó ń forúkọ àwọn tó kọ́ṣẹ́ ilé àti ilẹ̀ sílẹ̀, èèyàn sì lè fi ẹjọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wọn sùn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń mú èèyàn wo ilé ní Ìyànà Ọ̀fà, bíríkìlà ni, tàbí onígbàjámọ̀, tàbí ẹni tó ń ta káàdì fóònù lẹ́bàá ọ̀nà. Kò sí ìwé kankan tí a lè fi mú un.

Àwọn ará ilé tó kan ilé tí à ń jà lé lórí náà ló sọ fún wa pé Lálúpọn ni bàbá onílé ń gbé. A lọ bá a níbẹ̀. A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, a jókòó. Àbúrò mi rọra ro ẹjọ́.

“Ta ló ní mo fi owó kún ilé?” ni bàbá bèèrè. “180,000 ni mo pè é. 180,000 náà ni mo ṣì ń retí.”

70,000 tó lé sórí rẹ̀, ti ajẹ́ńtì ni. Bàbá wá ní, “Ṣùgbọ́n ọmọ mi, èmi kò gba owó kankan lọ́wọ́ rẹ.”

Mo ní, “Bàbá, a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbà á ńkọ́, ta ló fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé?”

Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Èmi ni.”

Ọmọ bàbá, mẹkáníìkì, wà níbẹ̀. Ó ní kí àbúrò mi jẹ́ kí òun gbọ́ ohùn tí ajẹ́ńtì fi ránṣẹ́. Ó gbọ́ ọ, ó gbé fóònù tirẹ̀, ó pe ajẹ́ńtì, ó sì jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ ohun tó ń sọ. Ajẹ́ńtì rò pé ọmọ bàbá nìkan ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Ó ní kó má da tíṣà lóhùn, pé òun ṣì ń bá bíríkìlà yẹn àti ọmọ tó ń ránṣọ yẹn fà á lórí ilé kan náà, ẹni tí owó rẹ̀ bá kọ́kọ́ pé ni yóò gbà á. Èèyàn mẹ́ta, yàrá kan.

Lọ́jọ́ yẹn ni bàbá ní kí ajẹ́ńtì dá kọ́kọ́rọ́ padà. Lọ́yà kan tí a mọ̀ bá wa kọ lẹ́tà, ojú ìwé kan péré: ọjọ́ tí owó lọ, iye rẹ̀, àkáǹtì tó wọ̀, ohun tí ajẹ́ńtì fi ohùn ara rẹ̀ sọ, iye tí onílé pe ilé, ọjọ́ 7 láti dá a padà. Ó tọ́ka sí òfin àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, sílẹ̀, tó sì fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti fagi lé ohun tó ti dá owó sílẹ̀ fún. Ẹni tó gbowó lè yọ iye tó bọ́gbọ́n mu, kò lè kó gbogbo rẹ̀ jẹ. Ó tọ́ka sí òfin 2006 náà, nítorí a ti wá mọ̀ nípa àwọn méjì yòókù. A fún ajẹ́ńtì ní ọ̀kan, a fún bàbá onílé ní ọ̀kan. Ajẹ́ńtì san 30,000 kí ọjọ́ 7 tó pé, ó sì san 20,000 tó kù lẹ́yìn náà, nítorí ọmọ bàbá kò jẹ́ kó rímú mí.

Ní Èkó, kóòtù ẹjọ́ kéékèèké tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2018 wà fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, èèyàn lè lọ síbẹ̀ láìmú lọ́yà dání, lẹ́tà bíi tiwa yìí ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Níbikíbi tó bá jẹ́, ìwé ni adájọ́ ń wò. Nítorí náà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, jẹ́ kí ajẹ́ńtì kọ ọ́ sílẹ̀, ì báà jẹ́ sórí WhatsApp: ilé wo ni, èló ni lọ́dún, orúkọ onílé, ọjọ́ tí wọn yóò dì í mú dà, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí owó tó bá jẹ́ onílé ló yẹ̀ ẹ́. Bí ajẹ́ńtì bá kọ̀ láti kọ ọ́, ó ti dá ọ lóhùn.

Ọmọ tó ń ránṣọ rí tirẹ̀ gbà, nítorí orí fóònù ni òun náà ti san án. Ti bíríkìlà ló ń dùn mí. Ó kó 40,000 náírà lé ajẹ́ńtì lọ́wọ́ nítòsí káńsù, owó tó fi oṣù bíi mélòó kan kó jọ, láìsí ìwé, láìsí ẹlẹ́rìí. Ajẹ́ńtì ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. A ti bá a kọ lẹ́tà tirẹ̀, ọmọ bàbá onílé sì fọwọ́ sí i pé òun gbọ́ tí ajẹ́ńtì fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ bíríkìlà lórí fóònù lọ́jọ́ tí a wà ní Lálúpọn. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Òun ló ń gbé lọ síwájú májísíréètì ní Ìyágankú.