Ṣé “Bẹ́ẹ̀ Ni, Sà” Ni Ọ̀wọ̀?

Bí ọ̀gá bá ń ṣìṣe, ṣé ọ̀wọ̀ ni ká dákẹ́? Láti 2015 di 2018, ìdajì owó oṣù ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àgbà ìjọba Ọ̀ṣun ń gbà. Lásìkò yẹn, ní ọ́fíìsì àǹtí mi ní Òṣú, ọ̀gá a máa ti rẹ́jísítà mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù láago méje ààbọ̀. Ẹni tí ò tètè rówó ọkọ̀ láti Iléṣà di ọlẹ. “Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ni gbogbo wọn ń wí. Ó yí ẹ̀yìn tán, èébú!

Lójú tèmi, àfojúdi gan-an nìyẹn. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, Yorùbá lè kúnlẹ̀ kó tún sọ òótọ́: orúnkún ni ti ọ̀gá, ẹnu ni ti òdodo. Lóòótọ́, wọ́n lè fi tírànsífà fìyà jẹ ẹnì kan tó sọ̀rọ̀. Bí gbogbo ọ́fíìsì bá wá jọ kúnlẹ̀ sọ ọ́ ńkọ́, ta ni wọ́n máa gbé kúrò?