Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Ẹ̀ṣẹ̀ Ìgbà Èwe Tẹ̀ Lé Ènìyàn Dé Kóòtù Àgbà?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ká ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan jalè, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù àwọn ọmọdé, wọ́n bá a wí, ó sì ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Nígbà tó pé ọdún mẹ́rìnlélógún, ó tún ṣẹ̀. Ṣé ó yẹ kí adájọ́ ṣí ìwé àtijọ́ yẹn, kó sì tìtorí rẹ̀ fi kún ọdún tí yóò lò lẹ́wọ̀n? Èrò tèmi ni pé kò yẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbéèrè náà kò rọrùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú àpẹẹrẹ láti Amẹ́ríkà. Ìlú Chicago ni wọ́n ti dá kóòtù àwọn ọmọdé àkọ́kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, lọ́dún 1899. Èrò wọn dára: kí adájọ́ ṣe bí òbí, kó tọ́ ọmọ sọ́nà dípò kó fìyà jẹ ẹ́ bí ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìtọ́sọ́nà ni wọ́n pè é, wọn ò ka ẹ̀tọ́ ọmọ níwájú adájọ́ sí nǹkan kan. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Gerald Gault, ọmọ ọdún 15 ní ìpínlẹ̀ Arizona. Wọ́n ní ó sọ ìsọkúsọ sí obìnrin kan lórí tẹlifóònù. Adájọ́ ní kí wọ́n fi í sí ilé ìtúnwàṣe, ó lè wà níbẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 21. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ló sọ ọ́, owó ìtanràn tí kò ju 50 dọ́là lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù méjì lọ, ni ìbá gbà! Lọ́dún 1967, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá Gault láre, ó ní ọmọ náà lẹ́tọ̀ọ́ sí lọ́yà. Síbẹ̀, lọ́dún 1971, ilé-ẹjọ́ yìí kan náà sọ pé kò pọn dandan kí ọmọdé ní ìgbìmọ̀ aráàlú tó ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ àgbàlagbà, tí wọ́n sì ń sọ bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá wọ́ nìyí. Lọ́dún 1994, ìpínlẹ̀ California ṣe òfin kan pé ẹni tó bá ti jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ ńlá lẹ́ẹ̀kan rí, tó bá tún dá ọ̀ràn, ìlọ́po méjì ẹ̀wọ̀n ni yóò gbà. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó di ọdún 25 títí dé ẹ̀wọ̀n gbére. Wọ́n sì ka ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tí ènìyàn dá láti ọmọ ọdún 16 mọ́ ọn. Lọ́dún 2009, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní California sọ pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Lójú tèmi, ó burú. Ó dà bíi kí oníṣòwò kan sọ pé òkìrìká lásán ni aṣọ òun, kó o má wulẹ̀ tú u wò. Nígbà tó o wá fẹ́ sanwó, ó ní owó aṣọ tuntun ni kó o san.

Ní Nàìjíríà, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ ọ́ gbangba pé wọn kò gbọdọ̀ fi àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ọmọdé gbe ẹjọ́ rẹ̀ nígbà tó bá dàgbà. Inú ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 1985 ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tirẹ̀ lọ́dún 2007. Adájọ́ nìkan ló ń dá ẹjọ́ àgbà lọ́dọ̀ tiwa, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ aráàlú kò kàn wá. Ìdí mìíràn ni mo rí. Ọmọ ilé wa, bí bàbá rẹ̀ bá ní, “Dọ̀bálẹ̀, kí o bẹ̀bẹ̀,” yóò dọ̀bálẹ̀, ìbáà ṣe nǹkan náà, ìbáà má ṣe é. Ohun tó fẹ́ ni pé kí ọ̀rọ̀ parí. (Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ti pè sí ọ́fíìsì olórí ilé-ìwé rí mọ ohun tí mò ń sọ.) Irú “ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó” bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí tí a lè gbé pa mọ́ fún ọdún mẹ́wàá ká tó fi de ènìyàn.

Ẹnìkan nínú kíláàsì wa bi mí pé, “Bó bá jẹ́ ìyá rẹ ló fọ́ lórí ńkọ́?” Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Bí ènìyàn bá ti ṣe aráàlú léṣe ní ọmọ ọdún 17, tó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 19, ẹ̀rù rẹ̀ yóò bà mí, mi ò sì ní sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Kó ṣẹ̀wọ̀n ohun tó ṣe lónìí pé pérépéré, kí ìyá mi sì wà ní kóòtù láti sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ọdún márùn-ún ni ẹ̀ṣẹ̀ òní, tí wọ́n wá sọ ọ́ di mẹ́wàá nítorí ìwé ọjọ́sí, màá béèrè ohun tí wọ́n fi ọdún márùn-ún ìkejì yẹn san, nígbà tó jẹ́ pé kóòtù àwọn ọmọdé ti gba tiwọn lọ́wọ́ rẹ̀.