Ṣé Kí N Tún Ìdánwò Yìí Ṣe?

Kíkà: Lúùkù 14:28-30

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, àjọ JAMB jẹ́wọ́ ní gbangba pé àṣìṣe wà nínú ìdánwò àṣewọlé ọdún náà. Ọmọ 379,997 ni ọ̀rọ̀ náà kàn. 206,610 nínú wọn wà ní Èkó wa níbí, àwọn yòókù wà ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò. Wọ́n ní kí wọ́n wá tún un ṣe. Ti àwọn yẹn kò le: ẹ̀bi kì í ṣe tiwọn.

Olùfẹ́, ti ọmọ tí kò sí àṣìṣe nínú èsì rẹ̀ ńkọ́? Ó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣàkóso òwò ní LASU, Ọ̀jọ́, ṣùgbọ́n máàkì rẹ̀ kò tó. Ilé-ẹ̀kọ́ poli ṣetán láti gbà á. Ìyá ní kó máa lọ. Bàbá ní ọmọ òun kò ní lọ sí poli láéláé. Ọmọ dúró láàárín.

Àwọn kan á ní onígbàgbọ́ kì í juwọ́ sílẹ̀. Àwọn mìíràn á ní kó ní ìtẹ́lọ́rùn. Òtítọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìgbéraga lè wọ aṣọ ìfaradà, ìbẹ̀rù náà sì lè wọ aṣọ ìtẹ́lọ́rùn.

Jésù ní kí ẹni tó fẹ́ kọ́lé kọ́kọ́ jókòó ṣírò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ẹni tó bá dúró ọdún kan, tó sì yege, yóò lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì: ọdún márùn-ún. Ẹni tó lọ sí poli yóò fi ọdún méjì gba ND. Bí èsì rẹ̀ bá dára, ó lè gba Direct Entry wọ ọdún kejì ní yunifásítì, kó lo ọdún mẹ́ta. Ọdún márùn-ún náà ni! Ẹ̀yin bàbá, kí ẹ tó sọ pé "láéláé", ẹ bi ara yín: ṣé ọjọ́ ọ̀la ọmọ ni ẹ ń jà fún, àbí ohun tí ẹ ó sọ láàárín ẹgbẹ́?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìwọ ọmọ, wo ẹ̀yìn. Kí ló gbé ọ ṣubú? Ṣé ìṣirò ni? Ṣé kọ̀ǹpútà tí o kò fọwọ́ kàn rí ni? Ṣé fóònù tí o fi òru wò ni? Bí o bá mọ̀ ọ́n, tí o sì ti ń ṣàtúnṣe, tún un ṣe pẹ̀lú ìgboyà. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, èsì kan náà lo fẹ́ tún fowó rà. Àdúrà kì í gba ipò ìwé kíkà.

Ọ̀nà kẹta wà, ibi tí wọ́n ti ń gbowó bá ọmọ ṣe ìdánwò. Má yà síbẹ̀. Ẹni tí yóò máa ṣọ́ owó olówó lọ́la kò gbọdọ̀ fi èrú wọlé ẹ̀kọ́.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti wà ní Àgbádárìgì láti 1845. Kò sí àlejò tó ń bèèrè ọ̀nà tí pákó rẹ̀ gbà dé. Ó dúró, ohun tí wọ́n wá wò nìyẹn.

Àdúrà: Baba, jẹ́ kí n mọ ìgbà tó yẹ kí n tún ilẹ̀kùn kàn, àti ìgbà tó yẹ kí n gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé, ní orúkọ Jésù. Àmín.